Gerhard Domagk: Ẹni tó sọ aró pupa di oògùn

Ní oṣù kejìlá ọdún 1935, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan, Hildegard, ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wọn ní Jámánì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ náà wọlé sí i lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ náà kẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di pé àfi kí wọ́n gé apá ọmọ náà. Gerhard Domagk, bàbá rẹ̀, kò gbà. Oògùn pupa tí òun fúnra rẹ̀ dán wò lára eku ló fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà yè, apá rẹ̀ kò sì lọ.

Ọdún 1895 ni wọ́n bí Domagk ní Lagow, tó wà ní Poland lónìí. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń kọ́ nígbà tí ogun 1914 bẹ́ sílẹ̀. Ó fara gbọgbẹ́, lẹ́yìn náà ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn tí iṣẹ́ abẹ kò pa, ṣùgbọ́n tí egbò tó kẹ̀ gbẹ̀mí wọn.

Ní 1927, ó wọ ilé ìwádìí Bayer ní Elberfeld. Josef Klarer àti Fritz Mietzsch ń po aró, Domagk ń fi wọ́n wo eku tó ní kòkòrò streptococcus lára. Ní ìparí 1932, aró pupa kan, Prontosil, gba àwọn eku náà là.

Ohun ìyanu ni pé aró yìí kò ran kòkòrò náà nínú ìgò. Ní 1935, àwọn onímọ̀ ní Paris rí i pé inú ara ló ti ń pín, tí sulfanilamide inú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ní 1940, Donald Woods ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òṣùwọ̀n wò ó: bíńtín èròjà PABA ti tó láti sọ sulfanilamide tó pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún di aláìlágbára. Àwọn méjèèjì jọra, àga kan náà ni wọ́n sì ń dù lára ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò fi ń ṣe folate, èròjà tí kò lè gbèrú láìsí i. Ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù yìí. Inú oúnjẹ la ti ń rí folate tiwa.

Wọ́n fún Domagk ní ẹ̀bùn Nobel ní 1939, ṣùgbọ́n Hitler ti ka ẹ̀bùn náà léèwọ̀. Àwọn Gestapo tì í mọ́lé, wọ́n sì fipá mú un kọ̀wé pé òun kò gbà á. Ní 1947 ló tó gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, láìsí kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Ó kú ní 1964.

Septrin tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ní èròjà ìdílé oògùn yìí nínú. Ẹni tó bá ń lò ó, kó rántí òṣùwọ̀n Woods: bí oògùn kò bá tó, kòkòrò yóò gba àga rẹ̀ padà.