Charles Spurgeon: Ẹni tí Ó Di Òtítọ́ Mú Títí Dé Òpin

Ìtàn tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Elétò, ṣùgbọ́n inú ilé ìsìn Elétò ni Olúwa ti pè é. Mo yàn án nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ wa obìnrin kì í yé bi wá nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì. Wọ́n ń fẹ́ mọ̀ pé nígbà tí ayé bá ń yí padà, tí ìjọ pàápàá sì ń pín, kí ni ó yẹ kí onígbàgbọ́ dì mú, kí ni ó sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀?

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1834 ni wọ́n bí Charles Haddon Spurgeon ní ìlú Kelvedon, ní agbègbè Essex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, oníwàásù ni bàbá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà ní Stambourne. Ilé yẹn kún fún ìwé àwọn bàbá ìgbàgbọ́ àtijọ́, ọmọ náà sì ń kà wọ́n kí ó tó mọ ìtumọ̀ gbogbo ohun tí ó ń kà. Ìwé kan tí ó fẹ́ràn jù lẹ́yìn Bíbélì ni ti John Bunyan, èyí tí alùfáà Hinderer ti Ìbàdàn túmọ̀ fún wa tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Wọ́n ní ó kà á tó ìgbà ọgọ́rùn-ún kí ó tó kú.

Ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé ìyá rẹ̀. Eliza ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ 17 ni ó bí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ní kékeré. Ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi, yóò kó àwọn tí ó kù jọ yí tábìlì ká, yóò ka Ìwé Mímọ́ fún wọn ní ẹsẹ ẹsẹ, yóò sì gbàdúrà fún wọn pẹ̀lú omijé, ní orúkọ olúkúlùkù. Nígbà tí Charles dàgbà, ó máa ń sọ pé òun kò lè san gbèsè tí òun jẹ ìyá òun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe rò pé àdúrà tí ẹ ń gbà lórí ọmọ ń lọ lásán.

Síbẹ̀, ọmọ oníwàásù kò fi bẹ́ẹ̀ di onígbàgbọ́. Fún ọdún mélòó kan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fi wúwo lọ́kàn rẹ̀, tí kò rí ìsinmi. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1850, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó ń lọ sí ilé ìsìn kan ní ìlú Colchester, ṣùgbọ́n yìnyín bọ́ púpọ̀ débi pé kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Ó yà sí ilé ìsìn kékeré kan, ti àwọn Elétò tí à ń pè ní Primitive Methodist. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n mú iṣẹ́ Ìjọ Elétò wọ ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní 1893. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, alùfáà wọn kò sì lè dé nítorí yìnyín. Ọkùnrin kan tí kò kàwé púpọ̀ ni ó bọ́ sórí àga ìwàásù. Ó mú ẹsẹ rẹ̀ nínú Aísáyà 45:22, níbi tí Ọlọ́run ti ń pe gbogbo òpin ayé pé kí wọ́n wo òun kí a lè gbà wọ́n là. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó rí ọmọkùnrin náà ní ìjókòó, ó ní ojú rẹ̀ fi hàn pé inú rẹ̀ kò dùn, ó sì pàṣẹ fún un kí ó wo Jésù. Ó wò ó lóòótọ́, ẹrù sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó lè sọ orúkọ oníwàásù náà pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ jẹ́ kí èyí gba àwọn arábìnrin wa níyànjú, ẹ̀yin tí ń wàásù ní ìjọ kékeré ní abúlé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yín.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó ṣe ìtẹ̀bọmi nínú odò Lark, ó sì di ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá rẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òun gbàdúrà kí ó di onígbàgbọ́, òun kò gbàdúrà kí ó di Onítẹ̀bọmi. Ọmọ dáhùn pé Ọlọ́run ti ṣe ju ohun tí ìyá òun béèrè lọ. Kò tí ì pé ọmọ 20 tí ìjọ New Park Street ní Lọ́ńdọ̀nù fi pè é ní 1854. Ilé ìsìn ńlá tí ó ti ń ṣófo ni, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀ kò gba èrò mọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n kọ́ Metropolitan Tabernacle, tí wọ́n ṣí ní 1861, tí ó lè gba ènìyàn bí 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1856, nígbà tí ó ń wàásù nínú gbọ̀ngàn Surrey Gardens, àwọn kan kígbe irọ́ pé iná ń jó. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ènìyàn méje sì kú. Ọmọ ọdún 22 péré ni oníwàásù náà, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì fún un ní oṣù tí ó ṣáájú. Ìbànújẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọgbọ́n lórí rẹ̀. Títí ó fi kú ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá a jà, kò sì fi pamọ́ fún ìjọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún arábìnrin tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì pé kò ní ìgbàgbọ́.

Susannah ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà lórí ibùsùn láti nǹkan bí 1868, kò sì lè máa lọ sí ilé ìsìn déédéé. Ní 1875, ó ka ìwé tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníwàásù, ó sì ní ì bá wu òun kí gbogbo alùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ bi í pé èló ni yóò dá. Ó lọ wo owó ilé tí ó ti ń ṣù jọ, ó sì rí i pé ó tó ra 100 ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwé fún àwọn òtòṣì alùfáà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi kú ní 1903, ìwé tí ó ti pín tó 200,000, kì í sì í ṣe fún ìjọ tirẹ̀ nìkan. Àwọn Elétò náà jẹ nínú rẹ̀. Obìnrin mìíràn, Anne Hillyard, opó alùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, fi 20,000 pọ́n-ùn lé Spurgeon lọ́wọ́ láti dá ilé ọmọ aláìníbaba sílẹ̀ ní Stockwell ní 1867.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní àkókò wọnnì, èrò tuntun ń jà káàkiri Yúróòpù. Ìwé Darwin ti jáde ní 1859. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, pàápàá ní ilẹ̀ Jámánì, ń tú Bíbélì wò bí ìwé ènìyàn lásán. Spurgeon kò bẹ̀rù ẹ̀kọ́. Ilé ìwé rẹ̀ kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ oníwàásù sílẹ̀. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni pé àwọn alùfáà kan ń jẹun lórí pẹpẹ ìhìnrere, nígbà tí wọn kò gba ìhìnrere gbọ́ mọ́. Wọn kò gbà pé Ọlọ́run ni ó mí sí Ìwé Mímọ́, tàbí pé Kristi kú ní ipò ẹlẹ́ṣẹ̀, tàbí pé ìdájọ́ ń bọ̀. Ó tún rí i pé ìpàdé àdúrà ń ṣófo, eré ìdárayá sì ń gba ipò rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run.

Ní oṣù kẹta ọdún 1887, ìwé ìròyìn rẹ̀, Sword and Trowel, bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ pé ìjọ dà bí ọkọ̀ tí ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Láti oṣù kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ mú kálàmù. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí ó dárúkọ àwọn tí ó ń bá wí. Kò dá wọn lóhùn, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ti sọ ọ̀rọ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀, àti pé Ẹgbẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ó kọjá ìtẹ̀bọmi. Ó béèrè bí a ó ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbi tí kò sí òfin. Ohun tí ó fẹ́ ni kí Ẹgbẹ́ náà kọ ìgbàgbọ́ wọn sílẹ̀ kedere. Nígbà tí kò rí èyí, ó kọ̀wé fi Ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1887.

Ní oṣù kìíní ọdún 1888, ìgbìmọ̀ wọn gba ìwé rẹ̀, wọ́n sì bá a wí. Ní oṣù kẹrin, gbogbo àpéjọ fi ọwọ́ sí ìwé kan tí tọ̀tún tòsì lè túmọ̀ bí ó ti wù wọ́n. Nǹkan bí 2,000 ni ó gbà á, ènìyàn méje péré ni kò gbà. Èyí tí ó dunni jù ni pé James, àbúrò Spurgeon, tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ìjọ, wà lára àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ kan yẹra fún un. Àwọn kan nínú àwọn tí ó kọ́ ní iṣẹ́ oníwàásù kọ̀ láti dúró tì í. Àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Kí a sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó gbà pé ó ṣe é dáadáa. Àwọn kan sọ pé nígbà tí kò dárúkọ, ìfura bọ́ lé orí aláìṣẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí kò ṣe. Kò dá ìjọ tuntun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹnikẹ́ni du ipò tàbí dúkìá. Kò sì sọ pé ẹni tí kò bá jẹ́ Onítẹ̀bọmi kì í ṣe ti Kristi. Lórí ọ̀rọ̀ àyànfẹ́ Ọlọ́run, òun àti John Wesley kò fi ohùn ṣọ̀kan rárá, síbẹ̀ ó ń fi ọ̀wọ̀ ńlá sọ̀rọ̀ Wesley. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ilé àti ohun tí ó jẹ́ ọ̀dà ara ògiri.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó gbèjà. Òwò ẹrú jẹ́ ohun àtijọ́, àwọn oníwàásù kan ní gúúsù Amẹ́ríkà sì ń fi Bíbélì gbè é lẹ́sẹ̀. Spurgeon bú u gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1860, wọ́n dáná sun ìwé ìwàásù rẹ̀ níbẹ̀, títà wọn sì dínkù, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni òṣùwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe àṣà, ìbáà jẹ́ ti àtijọ́ tàbí ti òde òní.

Àìsàn oríkèé ara àti ti kíndìnrín ti ń bá a jà tipẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1891, ó wàásù ìkẹyìn nínú Tabernacle. Ó lọ sí Mentone ní ilẹ̀ Faransé, ibi tí ó ti máa ń lọ sinmi nígbà òtútù. Lọ́tẹ̀ yìí ni ara Susannah gbà á láti bá a lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1892, ní ọmọ ọdún 57. Ìyàwó rẹ̀ gbà pé ìjà ìgbàgbọ́ náà ni ó gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, àwa náà mọ ohun tí ìpínyà ń ṣe. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa kò gbàgbé bí Ìjọ Elétò Nàìjíríà ṣe pín láti 1976 títí di 1990, tí àwọn ọmọ ìyá kan náà kò jọ jókòó jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Nítorí náà kí a tó ya ara wa sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá lórí Kristi àti àgbélébùú rẹ̀ ni, tàbí lórí oyè, ìjókòó iwájú àti irú aṣọ ẹgbẹ́ tí a ó rà. Bí ó bá jẹ́ lórí ìkejì, ẹ jẹ́ kí a kúnlẹ̀ bẹ ara wa. Bí ó bá jẹ́ lórí ìkínní, kí a má ṣe tà á nítorí pé a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa yìn wá, ṣùgbọ́n kí a fi omijé sọ ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú èébú.

Fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ń béèrè, ìdáhùn tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyí. Ẹ máa bi wá léèrè, ẹ máa kàwé, ẹ má ṣe bẹ̀rù ìmọ̀. Ṣùgbọ́n odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ máa wo ẹni tí ọmọkùnrin yẹn wò lọ́jọ́ yìnyín nínú ilé ìsìn Elétò. Kò yí padà.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí a ó dì mú, kí ó sì fún wa ní ìfẹ́ láti fi dì í mú. Àmín.