Harold Black: ọkùnrin tó dín agbára kù kí ohùn lè já gaara

Nínú gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa, ti Harold Black ni mo fẹ́ràn jù. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1898. Ní 1921 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Western Electric. Láyé ìgbà yẹn, ohùn tẹlifóònù tó ń rìnnà jíjìn máa ń gba inú ọ̀pọ̀ amplifier kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì dà á rú díẹ̀ sí i.

Wọ́n ti mọ positive feedback tẹ́lẹ̀: ó ń fi ohun tó jáde kún ohun tó ń wọlé. Agbára á pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, amplifier á máa súfèé. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, 1927, nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Hudson, nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, Black rí i pé ńṣe ló yẹ kí a yọ ọ́ kúrò. Orí ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ ló yà á sí. Agbára dínkù lóòótọ́, ìdàrú náà sì dínkù.

Ó béèrè fún patent ní 1928. 1937 ló tó rí i gbà. Ó kú ní 1983. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá tún so resistor láti ẹnu ọ̀nà àbájáde op-amp padà sí ẹnu ọ̀nà tó ní àmì ìyọkúrò, iṣẹ́ Black lẹ ń ṣe yẹn.