Radama Kìíní, Ọba Madagásíkà

Erékùṣù ńlá kan ń bẹ nínú òkun tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, tí à ń pè ní Madagásíkà. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Scotland àti Wales, lè wọ inú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kí ààyè ó sì ṣẹ́ kù. Ọ̀nà méjì ni àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà wá: àwọn kan fi ọkọ̀ la òkun kọjá láti àwọn erékùṣù tí a mọ̀ sí Indonéṣíà lónìí, àwọn mìíràn sì ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Èdè kan ni gbogbo wọn ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn yàtọ̀ láti ìhà kan sí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ohùn ará Ọ̀yọ́ àti ti ará Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 1800, kò sí ọba kan tí ó lè pe ara rẹ̀ ní olórí gbogbo wọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ìjọba rẹ̀ láti orí òkè dé etí òkun ni Radama, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé nínú àwọn ọba tí mo ti kà nípa wọn, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan iṣẹ́ tí a wá kọ́ níhìn-ín jùlọ.

Ní àárín erékùṣù náà ni ilẹ̀ òkè kan wà tí ó tutù, Imerina ni orúkọ rẹ̀. Baba Radama ni ó jọba níbẹ̀; orúkọ rẹ̀ gùn, Andrianampoinimerina ni. Ọba yìí gbọ́n, ó sì lágbára. Ó so àwọn ìjọba kéékèèké tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà pọ̀ di ọ̀kan, ó gba ìlú Antananarivo, ó mú kí a gbẹ́ omi kúrò nínú àbàtà kí a lè gbin ìrẹsì sí i. Nígbà tí ó ń kú lọ ní ọdún 1810, ó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀: pé òkun ni kí ó jẹ́ ààlà oko ìrẹsì òun. Radama kò tíì ju bí ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú, ó sì ná ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lé e lórí.

Ọ̀nà jìn láti Antananarivo dé etí òkun, igbó wà lójú ọ̀nà, ibà sì wà nínú igbó. Ẹni tí yóò bá la ibẹ̀ kọjá kò gbọdọ̀ ṣaláìní ìbọn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìbọn ní ọjọ́ wọ̀nyí, ènìyàn ni ó ń tà láti rí i rà. Àwọn oníṣòwò a máa wá láti Mọ̀ríṣíọ́sì àti láti erékùṣù àwọn Faransé tí ó súnmọ́ ọn, wọn a kó ẹrú lọ sí oko ìrèké. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Ohun tí a fi ra ìbọn tí a fi ja ogun, ogun náà ni a tún fi mú u wá.

Ní ọdún 1810 kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Mọ̀ríṣíọ́sì lọ́wọ́ àwọn Faransé. Gómìnà wọn níbẹ̀, Robert Farquhar, rí i pé òfin ọdún 1807 tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀ kò lè múlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń ta ènìyàn ní etíkun Madagásíkà. Ó pinnu láti di ìlẹ̀kùn náà láti inú ilé. Ó wá ọ̀rẹ́ Radama. Ní ọdún 1816 ọba fi àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ránṣẹ́ sí Mọ̀ríṣíọ́sì láti kẹ́kọ̀ọ́, sájẹ́ǹtì kan tí ń jẹ́ James Hastie ni a sì fi ṣe olùtọ́jú wọn. Nígbà tí Hastie mú wọn padà wá ilé, ọba fẹ́ràn rẹ̀, ó sì di aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ààfin títí ó fi kú ní ọdún 1826.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1817 ni a ṣe àdéhùn. Radama gbà pé a kò ní ta ẹrú jáde kúrò ní ilẹ̀ òun mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà láti máa pè é ní ọba Madagásíkà, wọ́n sì ṣe ìlérí láti máa fún un ní 1,000 dọ́là wúrà, 1,000 dọ́là fàdákà, 100 ìbọn àti 100 àgbá ẹ̀tù lọ́dọọdún, pẹ̀lú aṣọ fún àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Radama mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n Farquhar lọ sí ìsinmi ní ilé, ẹni tí ó dípò rẹ̀ sì kọ̀ láti san ohun tí a ṣe ìlérí. Ẹ wo irú ìtìjú tí èyí jẹ́ fún ọba tí ó ti fi ohùn ara rẹ̀ dá àwọn ìjòyè rẹ̀ lẹ́kun owó! Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrú. Láti ọjọ́ náà lọ, nígbà tí àwọn ará Imerina bá gbọ́ ìlérí òyìnbó, wọn a rẹ́rìn-ín.

Àárín ìdààmú yìí gan-an ni àwọn ajíhìnrere bọ́ sí. Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù rán ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti ilẹ̀ Wales, David Jones àti Thomas Bevan, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní Toamasina ní ọdún 1818. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n kó ìdílé wọn dé: ọkùnrin méjì, aya wọn méjì, àti ọmọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún 1819 tó jìnnà, ibà ti pa márùn-ún nínú wọn. Jones nìkan ni ó kù. Ó padà sí Mọ̀ríṣíọ́sì, ara rẹ̀ kò dá. Kò sì sí ẹni tí ìbá bá a wí bí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Farquhar padà dé, tí a rán Hastie lọ tún àdéhùn ṣe, Jones bá a gòkè lọ, wọ́n sì wọ Antananarivo ní oṣù kẹwàá ọdún 1820.

Àwọn ìjòyè kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn náà mọ́. Ọba jókòó ti ọ̀ràn náà fún ọjọ́ púpọ̀, nígbà tí ó sì dáhùn, kì í ṣe owó ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ó ní kí a mú ogún nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òun lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé, mẹ́wàá ní Mọ̀ríṣíọ́sì, mẹ́wàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Hastie gba èyí, a tún àdéhùn ṣe, òwò ẹrú sí òkè òkun sì di èèwọ̀. Ó tọ́ kí a yin Radama fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán: títà sí òkè òkun nìkan ni a kà léèwọ̀. Àwọn tí ogun bá kó, Imerina ni a ń kó wọn lọ láti ro oko àwọn olúwa wọn, iye wọn sì ń pọ̀ sí i ní ọdọọdún. Ọba kò sì lè ra ìbọn pẹ̀lú ẹrú mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà kò rí i rà, nígbà tí òun ń gba 100 lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó ti jẹ́ olóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ìṣirò.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1820 ni Jones ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta péré ni ó ní. Ọ̀kan nínú wọn ni Rakotobe, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọba, tí a ń wò bí ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tàn dé àwọn ìletò, ẹ̀rù ba àwọn òbí. Wọ́n rò pé òyìnbó fẹ́ kó ọmọ wọn tà ni, wọ́n sì ń fi wọ́n pamọ́. Ta ni lè dá wọn lẹ́bi? Òyìnbó tí wọ́n ti mọ̀ rí, ẹrú ni ó wá rà. David Griffiths dé ní ọdún 1821 láti ran Jones lọ́wọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì tẹ̀ lé e: ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọ tí ó ti mọ̀wé ni a ń rán lọ sí abúlé láti kọ́ àwọn mìíràn. Àwọn wọ̀nyí ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ náà bí, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì gbó tó wa.

Lẹ́tà wo ni a ó fi kọ èdè náà? Àwọn Antaimoro ní etíkun ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ láti ìgbà pípẹ́, àwọn amòye wọn sì wà ní ààfin. Radama mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Faransé kan tí ń jẹ́ Robin ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà gẹ́gẹ́ bí ti Faransé, àwọn ará Wales sì dé pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì; olúkúlùkù ń fa ti ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1823 ọba dá ẹjọ́ náà. Lẹ́tà àwọn òyìnbó ni a ó lò: kọ́ńsónáǹtì yóò máa dún bí ti Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì yóò máa dún bí ti Faransé. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú àwọn ọmọdé láti kọ́ wọn ní sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ ìdí rẹ̀ tí kò fi gba fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì láyè. Wọ́n kò lo c, q, u, w àti x rárá. Mo kà á sí ọ̀kan nínú ìdájọ́ tí ó dára jùlọ tí ọba kan dá rí, kò sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ti irun ni ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní Imerina, ọkùnrin a máa dá irun sí, a sì máa di í bí ti obìnrin. Àwọn ìyá àti aya ni ó ń di í fún wọn. Ní ọdún 1822 Radama gé irun rẹ̀ kúrú bí ti ọmọ-ogun òyìnbó, ó sì ní kí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin kó ara wọn jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi àṣà àjèjì sílẹ̀. Ó béèrè bóyá owó orí ni ó wúwo fún wọn. Wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àṣà àwọn baba ni wọ́n ń sọ. Ó yan àwọn tí ó ṣe olórí wọn, ó sì ní kí a pa wọ́n. N kò mọ bí ènìyàn ti lè gbè é nídìí ọ̀ràn yìí. Àwọn ajíhìnrere wà ní ìlú nígbà náà, ọba ni ó sì fún wọn ní ilé àti ilẹ̀.

Ogun rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ó ba àwọn Sakalava ti ìwọ̀-oòrùn jà léraléra láti ọdún 1820. Ó kó Boina ní ọdún 1824, ṣùgbọ́n Menabe kò tẹrí ba fún un pátápátá, bí ó tilẹ̀ fi Rasalimo ọmọbìnrin ọba wọn ṣe aya. Ní ọdún 1825 àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ gba Fort Dauphin lọ́wọ́ àwọn Faransé. Nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyí, ibà àti ebi pa àwọn ará òkè ju ọ̀kọ̀ àwọn ọ̀tá lọ. A kì í san owó fún ọmọ-ogun. Aya rẹ̀ ni ó ń ro oko. Nígbà tí àwọn tí ó kù kò tó mọ́, ọba yíjú sí ilé-ẹ̀kọ́, ó ń mú àwọn ọmọ tí ó ti mọ̀wé di ọmọ-ogun àti akọ̀wé ogun. Ìbẹ̀rù àwọn òbí wá ní ìdí mìíràn. Mo máa ń ronú nípa Jones nínú ọ̀ràn yìí, ẹni tí ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ ní òwúrọ̀ tí kò sì sí ẹni tí ó dáhùn.

Radama kò ṣe ìrìbọmi, kò sì ṣe bí ẹni pé ó fẹ́. Ohun tí ó fẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó ni ìmọ̀ wọn. Ní ọdún 1826 ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò kú kí ó tó tẹ nǹkan. James Cameron, gbẹ́nàgbẹ́nà, jókòó ti ìwé àlàyé rẹ̀ títí ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́. Nígbà náà ọtí àti àìsàn ti jẹ ọba tán. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1828, nígbà tí kò tíì tó ogójì ọdún. Pósí fàdákà ni a tẹ́ ẹ sí, a sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là pẹ̀lú rẹ̀ sínú ibojì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ọ̀fọ̀ wọn, gbogbo ìlú fá orí.

Rakotobe ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó yẹ kí ó jọba. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè gbé aya ọba, Ranavalona, gorí ìtẹ́; a sì pa Rakotobe, akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí Jones ní. Ní ọdún 1835 ọbabìnrin náà ka ẹ̀sìn Kristi léèwọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni a tẹ odindi Bíbélì tán ní èdè Malagasy, pẹ̀lú lẹ́tà tí Radama yàn. Àwọn lẹ́tà náà ni wọ́n ń lò di òní. Àwọn tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ ajíhìnrere jáde ni ó sì ń kọ ìwé ìjọba fún ọbabìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a rán lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1820, Raombana ni orúkọ rẹ̀, padà wá di akọ̀wé rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí iṣẹ́ ọbabìnrin, a jókòó kọ ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé, kò sì bo ìwà ìkà àwọn ọba mọ́lẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, èyí tí àwọn díẹ̀ péré lè kà ní ààfin, ó sì ń kọ ọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1855.