Martiniano Eliseu do Bonfim (1859–1943): Babaláwo Tó Kọ́ Ifá ní Èkó

Ní ọdún 1859 ni wọ́n bí Martiniano Eliseu do Bonfim ní ìlú Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsílì. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n kó wọn lẹ́rú kọjá òkun, wọ́n sì gba òmìnira níbẹ̀. Ọ̀jẹ̀ládé ni orúkọ Yorùbá rẹ̀.

Ní 1875, nígbà tí òwò ẹrú ti dópin ṣùgbọ́n tí oko ẹrú ṣì wà ní Bùràsílì, bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó. Ọdún 11 ló lò láàárín àwọn ará Èkó àti àwọn Àgùdà tó ti Bùràsílì padà wálé. Ó lọ sí ilé-ìwé ìjọ Presbyterian, ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké. Ó tún jókòó ti àwọn àgbà awo, ó kọ́ Ifá títí ó fi di babaláwo.

Ó padà sí Bahia ní 1886, ọdún 2 ṣáájú òfin tó tú gbogbo ẹrú ibẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń dífá, tó sì ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí dókítà Nina Rodrigues ń ṣèwádìí nípa ẹ̀sìn àwọn ọmọ Áfíríkà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ. Láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé òrìṣà, wọn a sì kó ohun ìbọ lọ.

Martiniano mọ̀ pé ìrántí ènìyàn kan kì í pẹ́ láyé bí kò bá ní ibùjókòó. Òun àti Ìyá Aninha, ẹni tó dá Ilé Àṣẹ Ọ̀pọ́ Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910, jọ gbé oyè Ọba Ṣàngó 12 kalẹ̀, 6 lọ́tùn-ún, 6 lósì. Oníkòyí, Olúgbọ́n, Arẹ̀sà àti Ọdọ̀fin wà lára wọn. Ní 1937, níbi àpérò àwọn onímọ̀ ní Salvador, ó ṣàlàyé ìtàn tó bí oyè wọ̀nyí.

Ó kú ní 1943. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn babaláwo àgbà Bahia. Odù tó wà lórí rẹ̀ bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tó gba ipò rẹ̀ nídìí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹẹ́rìndínlógún àwọn ìyálórìṣà ni wọ́n ń lò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oyè 12 náà wà títí dòní, nítorí bí ẹnì kan bá kú, wọn a fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá rí ọmọdé tó jókòó ti àgbà awo ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, tó ń ké ẹsẹ Ifá tẹ̀ lé e, kó má ṣe pè é ní eré. Ibẹ̀ ni ìyókù ìtàn Ọ̀jẹ̀ládé wà.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.