Balewa àti Àdó Olóró Aṣálẹ̀

Ọmọ Wásinmi ni mí. Lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà tiwa yìí, ni wọ́n ti rí òkú Alàájì Abubakar Tafawa Balewa ní January 1966. Olùkọ́ ni ní Bauchi kí ó tó di olórí ìjọba. Ní November 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn fẹ̀hónú hàn sí i nítorí àdéhùn ààbò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rò pé ojo ni. Èmi kò gbà. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé yin àdó olóró átọ́míìkì lẹ́ẹ̀kẹta ní Sàhárà lóṣù tó tẹ̀ lé e, Balewa lé aṣojú wọn kúrò nílùú ní January 1961. Ṣùgbọ́n ní 1976, ìjọba ológun ṣòfin láti dá àjọ átọ́míìkì tiwa sílẹ̀. Ní 2004, ẹ̀rọ átọ́míìkì fún ìwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zaria.