Ìtàn Nicholas Christofilos, Oníṣẹ́ Ẹlẹ́fétọ̀ ti Athens

 Ìtàn tí a mú wá yìí kì í ṣe ti ọba tàbí ti jagunjagun. Ti oníṣẹ́ ẹlẹ́fétọ̀ kan ni, tó rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì rí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1916 ni wọ́n bí Nicholas Christofilos ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ará Gíríìsì làwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún méje, wọ́n kó padà sí Gíríìsì, ibẹ̀ ló sì ti dàgbà. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Athens, ó jáde ní 1938, ó wá ń ṣiṣẹ́ ẹlẹ́fétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè nínú ilé gíga. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Jámánì gba Gíríìsì, wọ́n sọ ilé iṣẹ́ yẹn di ibi àtúnṣe ọkọ̀ ẹrù. Ibẹ̀ ni Christofilos ti ń ka ìwé físíìsì tí wọ́n kọ ní èdè Jámánì. Kò ní olùkọ́. Àwa tí a fi ìwé kọ́ Yorùbá fúnra wa mọ bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ ńlá tó ń mú èérún inú átọ́ọ̀mù, bíi prótónì, sáré gan-an nínú ọ̀pá. Èérún wọ̀nyí ò fẹ́ wà lójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yà, èyí tó bá sì kan ara ọ̀pá ti sọnù nìyẹn. Irin òòfà ló ń kó wọn jọ, ṣùgbọ́n agbára ìkójọ yẹn kéré. Ọ̀pá ní láti fẹ̀, irin náà sì ní láti tóbi. Irin òòfà Bevatron, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Berkeley ní California ní 1954, wúwo tó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù.

Ní 1948, Christofilos kọ lẹ́tà sí ilé ìwádìí Berkeley nípa ẹ̀rọ kan tó rò. Wọ́n fi ibi tí kò tọ́ hàn án. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò pẹ́ ló rí ọgbọ́n tuntun.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Irin òòfà kan wà tó jẹ́ pé, bó bá ń ti èérún jọ láti ọ̀tún àti òsì, yóò máa tú wọn ká sókè àti sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n tí a bá to òmíràn tẹ̀ lé e, tí a yí i padà, ohun tí ti àkọ́kọ́ tú ká ni ti èkejì yóò kó jọ. Èérún tó bá jìnnà sí àárín ni irin ń tì jù. Èyí tó sún mọ́ àárín, díẹ̀ ló ń tì í. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi ìtúká, wọ́n ti sún mọ́ àárín. Nítorí náà, ìkójọ ju ìtúká lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tò wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò agbára irin àti àlàfo àárín wọn dáadáa. Tí agbára bá pọ̀ jù, èérún á kọjá àárín lọ kan ara ọ̀pá lódì kejì.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1950, ó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ó fi ránṣẹ́ sí Berkeley náà. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní 1952, ní Brookhaven ní New York, Ernest Courant, Stanley Livingston àti Hartland Snyder rí ọgbọ́n kan náà fúnra wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọn ò gbọ́ nípa Christofilos rí. Nígbà tí òun wá sí Amẹ́ríkà ní 1953, ilé ìkàwé ló ti bá a pàdé nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì. Ẹ rò ó wò! Iṣẹ́ tó ti ṣe, orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí ẹ̀. Ó lọ bá wọn ní Brookhaven. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Lọ́dún yẹn gan-an, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan náà pé òun ló ṣáájú. Wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ jáde ní 1956.

Ní 1960, ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí ṣe ní Brookhaven bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irin rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù péré, ṣùgbọ́n agbára tó ń fún prótónì ju ìlọ́po márùn-ún ti Bevatron lọ.

Christofilos kọjá sí Livermore ní California ní 1956. Òun ló dá Argus lábàá: ní 1958, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù mẹ́ta lókè Òkun Àtìláńtíìkì, láti mọ̀ bóyá òòfà ilé ayé lè mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dúró. A ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Àìsàn ọkàn ló pa á ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1972, lẹ́ni ọdún 55.

Lónìí, irin òòfà tí a ń yí padà bẹ́ẹ̀ ló ń darí prótónì dé ara aláìsàn jẹjẹrẹ ní àwọn ilé ìwòsàn kan. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹlòmíì bá sì ti ṣáájú yín, ẹ sọ ọ́ síta bí àwọn ará Brookhaven ṣe sọ ọ́.