Dúró Ládípọ̀: Ọmọ Ilé Ìjọ Tó Sọ Ìlù àti Orin Di Eré

Bí ẹ bá dárúkọ Dúró Ládípọ̀ fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Òṣogbo, Ṣàngó ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn: ọkùnrin tó di irun, tó wọ aṣọ pupa, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lórí ìtàgé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ wa kò mọ̀ ni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni iṣẹ́ olóògbé náà ti gbéra, àti pé ọ̀rọ̀ ìlù ló gbé e kúrò níbẹ̀.

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 1931. Iṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀ ń ṣe, nítorí náà orin ìsìn ni ó fi jí láyé. Ṣùgbọ́n ìlú Ọ̀ṣun, ìlú egúngún àti ti Ṣàngó ni Òṣogbo pẹ̀lú. Bó ti wù kí ọmọ ilé míṣọ́n di etí tó, yóò gbọ́ bàtá nígbà ọdún. Nígbà tó dàgbà, ó gba iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ tó ní iyì nígbà náà, tí owó oṣù rẹ̀ sì dájú. Eré ni kò jẹ́ kí ó sinmi. Bó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé ló ń kọ́ wọn ní orin àti eré ṣíṣe.

Ní ọdún 1961, ó ṣètò orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn rárá. Lójú tiwọn, ìlù tí àwọn abọ̀rìṣà ń jó sí kò ní ohun kan í ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Àwa tí a ń fi gàngan jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ lónìí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò kéré nígbà náà. Ìjọ tí baba rẹ̀ ń sìn ni, àwọn tí wọ́n tọ́ ọ sì ni wọ́n ń bá a wí. Ì bá yọ ìlù náà kúrò, kí orin rẹ̀ máa bá a lọ ní àlàáfíà. Kò yọ ọ́. Ó kó orin náà jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e lọ sí gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ àti sí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ọtí kékeré tó ní ní Òṣogbo di ibùdó eré àti ọnà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Wọ́n fẹ́ fún un ní orúkọ ẹgbẹ́ Mbari ti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará ọjà Òṣogbo gbọ́ ọ bí ẹni pé Yorùbá ni: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Bí orúkọ ibẹ̀ ṣe di Mbari Mbayọ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, orin tó sún mọ́ háílàìfù ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré fi ń ṣí eré wọn, tí wọ́n sì fi ń pa á dé. Ládípọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó jókòó ti àwọn onílù àti àwọn olùsìn Ṣàngó, ó kọ́ oríkì àti pípè, ó kọ́ bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí bàtá ṣe ń dá ènìyàn dúró. Ẹ rò ó wò: ọmọ ilé ìjọ, olùkọ́ tó mọ̀wé, tó di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn tí ilé ìwé kò kà sí nǹkan. Ọba Mórò jáde ní ọdún 1962. Ní 1963, Ọba Kò So tẹ̀ lé e.

Ìtàn tó kan ìpínlẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n ni Ọba Kò So. Tìmì tí Ṣàngó rán lọ sí Ẹdẹ wà nínú rẹ̀, Gbọ̀nká tí ó rán láti mú un wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbínú ọba ló ba ilé jẹ́, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi kẹ̀yìn sí i, tí Ọya pàápàá fi fi í sílẹ̀, tí ó sì lọ so. Àwọn tó kù ni wọ́n kígbe pé ọba kò so. Nínú eré yìí, orin kì í ṣe ohun tí a fi ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀; orin ni ọ̀rọ̀ náà. Bí Tìmì àti Gbọ̀nká bá pàdé, ọfọ̀ àti ìlù ni wọ́n fi ń jà kí idà tó jáde. Ẹ yọ bàtá kúrò, eré ti tán nìyẹn. Lójú tèmi, kò sí eré olórin kan ní ilẹ̀ wa tí ìlù rẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ni Ọya. Lérè Pàímọ́ ṣe Gbọ̀nká. Jimoh Buraimoh, tí ayé mọ̀ sí oníṣẹ́ ọnà, ló ń tọ́jú iná mànàmáná ìtàgé. Twins Seven-Seven, kí ó tó di gbajúgbajà ayàwòrán, ijó ló bá wọlé.

Ní ọdún 1964 wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, ní 1965 wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ìlù àti ijó sì gbé ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọba Wàjà jáde ní 1964, ọdún mọ́kànlá kí Wọlé Ṣóyínká tó tẹ ìwé tirẹ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà jáde. Lẹ́yìn náà ni Mọremí.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wọ ilé púpọ̀, ó bá àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú Bọ́dé Wásinmi. Fíìmù náà kò ṣàì kàn án. Nínú Àjàní Ògún, fíìmù olórin tí Ọlá Balógun darí ní 1976, tí Adé Fọláyan sì kó ipa ọdẹ tó ń jà fún ilẹ̀ baba rẹ̀, Ládípọ̀ wà láàárín àwọn òṣèré. Yorùbá ń kọrin lórí aṣọ funfun sinimá nígbà tí irú rẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀. Ó ṣeni láàánú pé kò pẹ́ láyé tó láti rí ibi tí ọ̀nà náà já sí.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 1978 ni ó papò dà, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Títí di òní, ìtàn wà lẹ́nu àwọn ará ìlú pé àrá sán lọ́jọ́ náà. Abíọ́dún kò tú ẹgbẹ́ náà ká. Ó kó àwọn òṣèré àti onílù jọ, wọ́n sì tún gbé Ọba Kò So wọ ìtàgé.